Mítà Wo Ló Yẹ Kí Ẹ Fi Wọn Dwell Lórí Ọkọ̀ Àtijọ́ Tí Kò Lo Kọ́ńtáàtì Mọ́?

Golf kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan ládùúgbò ló ni ín, Golf 2 tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tó máa ń mísì bí òjò bá ti rọ̀. Rewáyà dé, ó fa mítà dwell alábẹ́rẹ́ kan yọ nínú àpótí rẹ̀, èyí tó ń ka bí kọ́ìlì ṣe ń mu iná pẹ́ tó kí sípáàkì tó yọ, ó so ó mọ́ kọ́ìlì, abẹ́rẹ́ lọ dúró sí 18. Ó mi orí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó fúnra yín. Àádọ́ta ló yẹ kó kà. Módúùlù yín ti kú." Ẹ̀gbọ́n lọ sí Ládípọ̀, wọ́n ra módúùlù tókunbọ̀, ìyẹn àpótí tó ń tan iná kọ́ìlì tó sì ń pa á, wọ́n dè é mọ́ ọn. Abẹ́rẹ́ tún lọ dúró sí 18. Wọ́n ra òmíràn. 18 náà ni. Ìgbà tí a wá gbé ìdérí disitiríbútọ̀, ohun tó ń pín sípáàkì fún àwọn sílíńdà, sójú oòrùn ni a rí ìlà dúdú tín-ín-rín kan tó là láti àárín lọ sí etí, bí irun orí tó já sínú àwo. Ibẹ̀ ni sípáàkì ń gbà sá lọ bí ọ̀rinrin bá ti bà á. Módúùlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dára.

Mítà yẹn kò purọ́ o. 18 tó kà, 18 ló wà níbẹ̀. Rewáyà ló ń retí 50, nítorí pé láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ lórí Ìjàpá, Volkswagen Beetle, 50 ni wọ́n fi kọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn ti ń bi mí pé mítà wo ni kí àwọn rà. Ìdáhùn mi gùn, nítorí pé kí ẹ tó yan mítà, ẹ gbọ́dọ̀ mọ irú ohun tó wà lẹ́yìn kọ́ìlì yín.

Ohun tí a fẹ́ wọ̀n gan-an

Kọ́ìlì kì í ṣàdédé yọ sípáàkì. Ó ní láti kọ́kọ́ mu iná bátìrì, kí wọ́n wá já iná náà gbà lẹ́nu rẹ̀ lójijì, bí ìgbà tí wọ́n já ọmú lẹ́nu ọmọ. Igbe tó bá ké nígbà náà ni sípáàkì tó ń fò lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Àsìkò tí kọ́ìlì fi ń mu iná yẹn ni dwell.

Láyé kọ́ńtáàtì, ìyẹn súìṣì kékeré inú disitiríbútọ̀, bí ẹnu kọ́ńtáàtì bá ti pa dé ni kọ́ìlì ń mu, bí ó bá ti là ni sípáàkì yọ. Dígírí ni a fi ń kà á, nítorí pé ọ̀pá disitiríbútọ̀ tó ń yí ló ń pa á dé tó sì ń là á. Odindi ìyípo kan jẹ́ dígírí 360, nítorí náà sílíńdà kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin ní 90 tirẹ̀. Volkswagen ní kí kọ́ńtáàtì tuntun lórí Ìjàpá wà láàárín 44 sí 50, èyí tó ti gbó kò sì gbọ́dọ̀ kúrò láàárín 42 sí 58. Ibẹ̀ ni 50 ti wá. Láti 1975 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá l'Ékòó, ó ti pọ̀ nígboro débi pé nọ́ńbà yẹn wọ àwọn rewáyà lára.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé kọ́ìlì ò mọ dígírí. Àsìkò ló mọ̀. Ẹ wò ó: bí ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 4 bá wà lórí sílóò, ká ní RPM (iye ìyípo ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú kan) jẹ́ 900, sípáàkì 30 ló ń yọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé mílísẹ́kọ́ńdù 33 wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Dígírí 50 nínú 90 fún kọ́ìlì ní bíi 18.5 nínú rẹ̀. Ó ti yó tipẹ́tipẹ́, ìyókù ń di ooru lásán. Ẹ fọwọ́ kan kọ́ìlì Ìjàpá tó ti jókòó sínú gò-sílóò láti àárọ̀, ẹ ó rí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá fò dé RPM 6000, mílísẹ́kọ́ńdù 5 péré ló kù láàárín sípáàkì méjì, dígírí 50 kan náà kò wá ju 2.8 lọ mọ́. Ebi ń pa kọ́ìlì.

Módúùlù tó gbọ́n kò bá dígírí lọ. Bí kọ́ìlì rẹ̀ bá nílò mílísẹ́kọ́ńdù 3.5 kí ó tó yó, 3.5 yẹn ni yóò máa fún un, ìbáà jẹ́ lórí sílóò, ìbáà jẹ́ lórí eré. Ẹ wá fi mítà dígírí wọ̀n ọ́n: ní 900, ẹ ó rí nǹkan bíi 9 ààbọ̀, ní 3000, ẹ ó rí 31 ààbọ̀, ní 6000, 63. Ọkọ̀ kan náà, módúùlù kan náà, kò sí èyí tó bàjẹ́. Ohun tó yẹ kó bani lẹ́rù lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí nọ́ńbà wà lójú kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Irú èwo ló wà nínú ọkọ̀ yín?

Mo pín wọn sí mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ni èyí tí kọ́ńtáàtì ṣì wà nínú rẹ̀, àmọ́ tí àpótí transístọ̀ kan bá a gbé ẹrù iná. Kọ́ńtáàtì ló ṣì ń pàṣẹ dwell níbẹ̀. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ ṣètò àlàfo rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, kàn jẹ́ pé kò ní tètè jó mọ́.

Èkejì ni kíìtì mágínẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ni Ìjàpá àti Peugeot 504 ti rà láti fi rọ́pò kọ́ńtáàtì. Òrùka mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan jókòó sábẹ́ rọ́tọ̀, ojú kan (sẹ́ńsọ̀) sì ń wò ó. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, bí wọ́n ṣe to mágínẹ́ẹ̀tì náà láti ilé iṣẹ́ ni dwell ṣe rí. Kò sí ibi tí ẹ ó fi sikurudíráfà bọ̀ láti yí i. Àwọn tó wọ́n díẹ̀ nínú wọn ló ń ka àsìkò.

Ẹ̀kẹta ni módúùlù tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́: Golf ẹ̀gbọ́n wa, Mercedes W123 tó ní ẹ́ńjìnnì M102, àwọn ọkọ̀ General Motors láti 1975 tí wọ́n fi HEI, ètò sípáàkì alágbára ti General Motors, sí. Módúùlù fúnra rẹ̀ ló ń pinnu dwell lórí àwọn wọ̀nyí, ó sì ń yí i bí RPM bá ṣe ń yí.

Ẹ̀kẹrin ni CDI, ètò sípáàkì oníkápásítọ̀. Bí ó bá jẹ́ òun lẹ ní, ẹ pa mítà dwell tì. Kápásítọ̀ kan ni wọ́n ń fi iná kún dé bíi fóólítì 400, tí wọ́n á wá tú u dà sórí kọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ́ìlì kì í mu iná sílẹ̀ lórí CDI, kò sí dwell tí ẹ ó wọ̀n, mítà tí ẹ bá sì so mọ́ ẹnu kọ́ìlì náà lè má dìde mọ́.

Ohun tí mo fi ń gbé wọn wọ̀n

Ìbéèrè tí mo máa ń bi mítà kọ̀ọ̀kan kò pọ̀. Ṣé ó lè ka irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ mi? Ṣé ó lè fi hàn mí bí nọ́ńbà ṣe ń yí nígbà tí mo bá tẹ títẹ̀, pẹ́dà tó ń mú ẹ́ńjìnnì sáré? Ṣé kò ní jó? Ẹ má fojú kékeré wo ìbéèrè yẹn o: fóólítì 12 la rò pé ó wà lẹ́nu kọ́ìlì tó kọjú sí disitiríbútọ̀, ṣùgbọ́n ní àkókò tí wọ́n bá já iná yẹn, ó lè fò kọjá 300. Lẹ́yìn náà ni owó, àti iye ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ lò ó fún. Ẹni tó ní Ìjàpá kan ṣoṣo tó fẹ́ràn rẹ̀ kò ní ìnáwó kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ iná ọkọ̀.

Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ pa kọ́kọ́rọ́ kí ẹ tó so wáyà, kí ẹ tó tú u náà. Sípáàkì módúùlù le ju ti kọ́ńtáàtì lọ fíìfíì. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ sí ọkàn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn rárá.

Fílà géèjì

Kì í ṣe fìlà tí a ń dé sórí. Àwọn ewé irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí lára ni mò ń sọ, òun ló sì rọ̀ lówó jù. Mílímítà 0.4 ni àlàfo kọ́ńtáàtì Ìjàpá, tí ẹ bá ti rí ìyẹn, dwell á sún mọ́ ibi tó yẹ.

Fún irú àkọ́kọ́ ló ti wúlò. Fún ìyókù, kò lè wọn dwell, àmọ́ ẹ má sọ ọ́ nù: kíìtì púpọ̀ ní àlàfo kékeré láàárín mágínẹ́ẹ̀tì àti ojú tó ń wò ó, bí àlàfo yẹn bá fẹ̀ jù, sípáàkì á máa já. Lórí àwọn Chrysler àtijọ́ tó ní ehin irin níbi mágínẹ́ẹ̀tì, ewé bàbà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, nítorí pé mágínẹ́ẹ̀tì á fa ewé irin mọ́ra, á sì tàn yín jẹ.

Mítà dwell alábẹ́rẹ́

Mo fẹ́ràn nǹkan yìí, kí n má parọ́. Wáyà méjì, ọ̀kan sí áàtì, ọ̀kan sí ẹnu kọ́ìlì tó lọ sí disitiríbútọ̀ tàbí módúùlù. Lára kọ́ìlì Bosch, òun ni wọ́n kọ 1 sí. Ẹ yan 4, 6 tàbí 8, ẹ tẹ iná, ẹ wo abẹ́rẹ́. Bí tiyín bá jẹ́ èyí tó ní ìlà sílíńdà 8 nìkan, ẹ sọ ohun tó bá kà di ìlọ́po méjì fún ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 4.

Ẹwà abẹ́rẹ́ ni pé ó ń sọ̀rọ̀ bí ó ṣe ń rìn. Nọ́ńbà dìjítà á máa fò láti 51 sí 48 sí 53, ojú yín á rẹ̀ kí ẹ tó mọ èyí tó ń ṣe. Abẹ́rẹ́ á kàn máa gbọ̀n. Lórí ọkọ̀ tó ṣì ní kọ́ńtáàtì, ẹ wo ibi tó wà lórí sílóò, kí ẹ wá fa ẹ́ńjìnnì kọjá 2000. Bí ó bá fi ju dígírí 3 lọ kúrò níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí búúṣì disitiríbútọ̀ ti gbó, ọ̀pá inú rẹ̀ sì ń jó bí egúngún. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti rí ẹni tó pààrọ̀ kọ́ńtáàtì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóṣù kan nígbà tó jẹ́ búúṣì ló ń pa á lára!

Ṣùgbọ́n ibi tó ti ń dani ni irú ẹ̀kẹta. Kì í ṣe torí pé nọ́ńbà á kéré nìkan, ẹ ti mọ̀dí ìyẹn báyìí. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ módúùlù kì í jẹ́ kí iná wọ kọ́ìlì kọjá ìwọ̀n kan. Bí kọ́ìlì bá ti yó, tí àsìkò sípáàkì kò sì tíì tó, módúùlù á rọra di iná náà mú, kò ní pa á, kò ní là á tán. Fóólítì ẹnu kọ́ìlì tó ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ á gòkè díẹ̀. Mítà kan á ní, "Iná ti kúrò," á dá kíkà dúró. Òmíràn á ní ó ṣì ń mu, á máa kà lọ. Mo gbé mítà méjì sórí Golf yẹn lọ́jọ́ kan náà: ti rewáyà kà 18, tèmi kà 11. Àwa méjèèjì wo ara wa. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn, ibi tí wọ́n fà ìlà sí ni kò bára mu.

Tókunbọ̀ lẹ ó ti rí i jù lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ ọkọ̀ tó ní kọ́ńtáàtì, kí abẹ́rẹ́ kúrò lórí òdo níṣojú yín.

Mítà dìjítà tí wọ́n kọ DWELL sí

Mítà àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ nìyí: ó ń ka fóólítì, óòmù, RPM, ó sì ní ojú DWELL tí ẹ ó ti yan iye sílíńdà. Àwọn kan ní kílámípù tí ẹ ó há mọ́ wáyà púlọ́ọ̀gì láti ka RPM, ìyẹn sì dára gan-an, torí ẹ kò ní fọwọ́ kan kọ́ìlì kí ẹ tó ka RPM.

Bí ẹ kò bá ní mítà kankan nílé, ẹ ra èyí, ọkàn yín á balẹ̀. Bí ẹ bá ti ní mítà tó ń ka Hz (iye ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) àti % (ìdá nínú ọgọ́rùn-ún), owó tí ẹ fẹ́ san lé e lórí, owó ìṣirò kan péré ni. Mo máa ṣe ìṣirò náà fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ nísàlẹ̀. Àìsàn tí mo sọ nípa mítà alábẹ́rẹ́ lórí módúùlù wà lára òun náà.

Mítà lásán tó ní Hz àti %

Èyí ni mo ń lò lórí Ìjàpá tèmi. Mítà tó kéré, tó wọ àpò ṣòkòtò, tí mo rà fún iṣẹ́ iná ilé.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Nígbà tí kọ́ìlì ń mu iná, fóólítì ẹnu rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí kò mu, ó wà lókè. Mítà ń sọ iye tó wà lókè tàbí nílẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ gba iye tí kọ́ìlì fi ń mu, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.9 fún sílíńdà 4, tàbí 0.6 fún sílíńdà 6, tàbí 0.45 fún sílíńdà 8. Dígírí lẹ ní lọ́wọ́ yẹn. Ìjàpá tó wà lórí dígírí 50 á jẹ́ 55.6%.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò lẹ́yìn tí mo fi kíìtì mágínẹ́ẹ̀tì sí i, mítà kà 38. Mo ṣírò rẹ̀: 34 àti díẹ̀. Àyà mi já, mo ti ń ronú bí mo ṣe máa dá kíìtì náà padà. Mo jókòó sórí táyà kan, mo mu omi, ọgbọ́n wá sọ sí mi: mítà yìí, apá tí fóólítì wà lókè ló ń kà, ìyẹn àsìkò tí kọ́ìlì ń sinmi. Mo yọ 38 kúrò nínú 100, ó ku 62. Ìlọ́po 0.9, ó di bíi 56. Mo ní kí ọmọ mi tẹ títẹ̀ dé 3000. 38 náà ló dúró sí, kò yẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ti yé mi: kíìtì tèmi wà lára àwọn tí mágínẹ́ẹ̀tì ti dá dwell wọn láti ilé, kì í ka àsìkò.

Bí ẹ kò bá mọ apá tí mítà yín ń kà, tí ọkọ̀ yín sì jẹ́ irú ẹ̀kẹta, ẹ tẹ títẹ̀. Dwell gbọ́dọ̀ máa gòkè bí RPM bá ń gòkè. Bí nọ́ńbà bá ń lọ sílẹ̀, òdìkejì lẹ ń wò.

Ohun tí mo fi gbà á ju mítà DWELL lọ ni Hz. Lórí sílíńdà 4, ẹ sọ Hz di ìlọ́po 30, RPM yín nìyẹn. Hz 30 jẹ́ 900. Ẹ tún lè rí àsìkò fúnra rẹ̀: ẹ fi Hz pín 1000, ẹ wá mú ìwọ̀n % níbẹ̀. Lórí sílóò tèmi, 1000 pín sí 30 jẹ́ 33.3, 62% rẹ̀ sì jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdù 20 ó lé díẹ̀. Nọ́ńbà yìí ni kọ́ìlì gbọ́, òun náà ló sì sọ fún mi ìdí tí kọ́ìlì mi fi ń gbóná tó bẹ́ẹ̀. Kíìtì irú èyí fún sílíńdà 4 sábà máa ń fẹ́ kọ́ìlì óòmù 3. Ẹni tó bá lọ fi kọ́ìlì Golf, tí kò tó óòmù kan, sí abẹ́ rẹ̀ nítorí pé "ó lágbára jù," á sun kíìtì náà jóná, torí kò sẹ́ni tó ń dá iná dúró fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní títàn tí ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́.

Ewu mítà yìí ni fóólítì 300 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Mítà olówó pọ́ọ́kú lè gba fóólítì 600 lójú tí ẹ ti ń wọn fóólítì, kó má sì gba ìdajì rẹ̀ lójú %. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀. Mo ti fi ọ̀kan ṣòfò báyẹn: ó kà fún bíi ìṣẹ́jú kan, ó yọ ìlà mẹ́ta lójú, ó kú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń jó rẹ̀sísítọ̀ kílóómù 10 kan mọ́ àárín wáyà pupa, kó lè gba ìyà náà jẹ kí ó tó dé inú mítà.

Síkóòpù

Gbogbo èyí tí a ti ń sọ bọ̀, nọ́ńbà ni wọ́n ń fún yín. Síkóòpù, ẹ̀rọ tó ń ya bí fóólítì ṣe ń yí sójú, ń fún yín ní àwòrán, lórí módúùlù, àwòrán ló ń parí ìjà.

Lára ẹnu kọ́ìlì, ìlà kan wà lókè ní fóólítì 12. Ó já wálẹ̀ wàì: kọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í mu. Ó dúró nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lórí Golf ẹ̀gbọ́n wa, nǹkan kan wá ṣẹlẹ̀ tí mítà méjèèjì wa ò lè rí: ìlà náà gun àtẹ̀gùn kan, ó dúró lórí rẹ̀, kí ó tó wá fò sókè bí ọfà, tí sípáàkì yọ. Àtẹ̀gùn yẹn ni módúùlù tó ń di iná mú. Ti rewáyà kà á kún dwell, tèmi ò kà á. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, àríyànjiyàn ọ̀sẹ̀ kan ti parí.

Bí ẹ bá wá fi kílámípù áńpíà mọ́ ọn, ẹ ó rí iná náà bí ó ṣe ń gun òkè lọ díẹ̀díẹ̀. Lórí kọ́ìlì óòmù 3, ó ń lọ sí bíi áńpíà 4. Lórí módúùlù, ó lè dé 6 sí 8, kí orí rẹ̀ wá tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tí wọ́n ti dá a dúró. Bí ó bá fò sókè gan-an láti ìbẹ̀rẹ̀ dípò kí ó máa gun ún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wáyà inú kọ́ìlì ti fara kan ara wọn. Ẹ wá kọ́ìlì tuntun, ẹ má fọwọ́ kan módúùlù. Ẹ tún lè wo sílíńdà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ mọ̀ bóyá òrùka mágínẹ́ẹ̀tì yín ò gún régé.

Ìyà rẹ̀ náà wà. Síkóòpù kékeré alápò ti wà lọ́jà báyìí, ṣùgbọ́n òun pẹ̀lú kílámípù lè gba owó mítà lásán lọ́nà mẹ́wàá. Ẹ kò gbọ́dọ̀ so ó mọ́ kọ́ìlì láìsí próòbù X10 (wáyà ìwọ̀n tó ń dín fóólítì kù ní ìlọ́po 10) tàbí ohun tó ń dín fóólítì kù ní ìlọ́po 20. Oòrùn ọ̀sán Ìbàdàn á pa ojú rẹ̀ dé, ẹ ó máa fi páálí bò ó bí ẹni tó ń tajà nínú òjò. Bẹ́ẹ̀ ni yóò gbà yín ní nǹkan bí oṣù kan kí ojú tó mọ àwòrán tó dára yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣàìsàn. Ẹ máa gbé e sórí ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ná, ẹ máa fi fóònù ya ohun tí ẹ bá rí.

Ta ló yẹ kó ra èwo

Bí kọ́ńtáàtì bá ṣì wà nínú ọkọ̀ yín, pẹ̀lú àpótí transístọ̀ tàbí láìsí i, fílà géèjì àti mítà alábẹ́rẹ́ tókunbọ̀ tó yín jẹun. Dwell ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ tó wá sí táímínìgì (àsìkò tí sípáàkì ń yọ), nítorí pé bí dwell bá yí, táímínìgì náà ti yí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí táímínìgì bá yí, dwell kì í yí.

Ẹni tó ní Ìjàpá tàbí 504 kan ṣoṣo tó ti fi kíìtì mágínẹ́ẹ̀tì sí, ẹ lo mítà Hz àti %. Ìgbà méjì péré lẹ máa nílò rẹ̀: lọ́jọ́ tí ẹ bá de kíìtì, kí ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé ọkọ̀, àti lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í mísì, kí ẹ wò ó bóyá ó ti yàtọ̀ sí ti ìjọ́sí. Kò sí ohun tí ẹ lè yí níbẹ̀, ẹ kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ẹni tó bá kórìíra ìṣirò, kó san owó lé e, kó ra èyí tó ní DWELL.

Lórí Golf, lórí W123, lórí èyíkéyìí tí módúùlù ń ṣe àkóso rẹ̀, mítà % ṣì lè dáhùn ìbéèrè kan tó ṣe pàtàkì: ṣé dwell ń gòkè bí mo ṣe ń tẹ títẹ̀? Bí ó bá ń gòkè, ẹ fi módúùlù sílẹ̀, ẹ lọ wo ìdérí disitiríbútọ̀, rọ́tọ̀, wáyà púlọ́ọ̀gì, áàtì. Bí kò bá gòkè, tàbí tó ń jó lọ jó bọ̀, ìgbà náà ni kí ẹ wá ẹni tó ní síkóòpù lọ.

Ìwọ rewáyà tó ń gba irú ọkọ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ́sẹ̀, ra síkóòpù. Owó módúùlù tí o bá ti mú kí oníbàárà rà lásán lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ti tó rà á, oníbàárà yẹn kò sì ní gbàgbé ẹni tó ní kí òun rà á. Má ju mítà alábẹ́rẹ́ ọ̀gá rẹ nù o. Ìjàpá ṣì ń bọ̀ wá.

Ẹni tó bá ní CDI, kó fi owó rẹ̀ ra púlọ́ọ̀gì.

Ní ti Golf ẹ̀gbọ́n wa, ìdérí tuntun ti wọ̀ ọ́, kì í mísì mọ́ bí òjò bá rọ̀. Módúùlù méjì tó ṣẹ́ kù ṣì wà nínú bùútù, wọ́n wé wọn sínú láílọ́ọ̀nù. Mo ní kí wọ́n tà wọ́n, wọ́n ní rárá, ẹnì kan tó bá tún ní kí àwọn ra módúùlù, àwọn á kọ́kọ́ gbé méjèèjì lé e lọ́wọ́.